Ààbò àwọn obìnrin trans tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní àárín ìlú São Paulo: kí ni ká ṣe, kí ni ká má ṣe?

Adéọlá_Arouche:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ wa, àwa Yorùbá tó ń gbé àárín ìlú São Paulo, máa ń pín oúnjẹ alẹ́ ní República àti Largo do Arouche. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbà á ni obìnrin trans, ìyẹn ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọkùnrin nígbà ìbí àmọ́ tó jẹ́ obìnrin, tó ń dúró de oníbàárà lójú títì. Ọmọ Brazil ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ a ti ń rí àwọn ọmọ Nàìjíríà náà.

Ọ̀rọ̀ ti kọjá oúnjẹ báyìí. Wọ́n ń béèrè ibi tí èèyàn ń gbà lọ tí oníbàárà bá lù ú, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ orúkọ lórí ìwé, ohun tí èèyàn ń ṣe bí kọ́ńdọ̀ọ̀mù bá ya. Nínú ẹgbẹ́ wa gan-an, àwọn kan ní ká jáwọ́, pé wọ́n á bà wá lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa: ojú títì, ọlọ́pàá, ìwé, ìlera, àti bí a ó ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀ tí a ò ní fi ẹnu ṣe wọ́n léṣe.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ_Salvador:

Ẹ kú iṣẹ́, Adéọlá. Ẹ jẹ́ ká ti ẹnu bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ẹni tó wá bá wọn ṣeé fọkàn tán.

"Ó" kan náà la máa ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, ìdí nìyẹn tí Potogí fi ń dojú rú mọ́ àwa Yorùbá lẹ́nu. *Ela*, ìyẹn "ó" ti obìnrin, ni kẹ́ ẹ máa lò fún wọn. *A travesti* ni kẹ́ ẹ sọ, torí *a* ni ti obìnrin, *o* ni ti ọkùnrin; ẹ má sọ *o travesti* láé, èébú ni wọ́n ń gbà á sí. Àwọn kan ń jẹ́ travesti, àwọn mìíràn fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ní *mulher trans*. Ẹ bi í pé kí ló ń jẹ́, kẹ́ ẹ sì máa fi pè é. Ẹ má bi í ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹ má bi í ní ohun tó wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sọ Yorùbá láàárín ara yín, ẹ fi "aṣẹ́wó" sílẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ ń gbọ́ yín, àwọn ọmọ Brazil sì ń mọ ẹ̀gàn látinú bí ohùn ṣe rí.

Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á máa pe oúnjẹ ní *ajeum*, ọtí ní *otim*, aṣọ ní *axó*. Pajubá nìyẹn, èdè àárín ara wọn. Ilé òrìṣà Candomblé ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wá, ibi tí wọ́n ti rí ìbòòrùn nígbà tí ilé bàbá wọn lé wọn. Nígbà ìjọba ológun, òun ni wọ́n fi ń ta ara wọn lólobó bí ọlọ́pàá bá ń bọ̀, iṣẹ́ yẹn náà ló ṣì ń ṣe títí dòní. Nítorí náà, ẹ má fi í ṣeré, ẹ má yà á ní fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹ rí Yorùbá ní Brazil.

Ní ti àwọn tó ní wọ́n á bà yín lórúkọ jẹ́: ANTRA, ẹgbẹ́ tí àwọn travesti àti àwọn trans fúnra wọn dá sílẹ̀ lọ́dún 2000, fojú bù ú pé nǹkan bí 90 nínú 100 wọn ló ti fi iṣẹ́ yìí jẹun rí. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ilé lé ọmọ jáde kó tó pé ọdún méjìdínlógún, ilé ìwé ń fi í ṣẹ̀sín títí tí kò fi lọ mọ́, ilé iṣẹ́ rí orúkọ ọkùnrin lórí ìwé obìnrin, wọ́n ní kó máa lọ. Ojú títì nìkan ni kò bi í ní ìwé ẹ̀rí.

ANTRA yìí náà ló ń ka iye àwọn tí wọ́n pa lọ́dọọdún, torí ìjọba kì í kà á: 175 lọ́dún 2020, 145 lọ́dún 2023, 122 lọ́dún 2024. Inú ìròyìn ni wọ́n ti ń ṣà á jọ, kí ẹ mọ̀ pé òkú tí ìwé ìròyìn kò bá kọ kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa Dandara dos Santos ní Fortaleza ní oṣù kejì ọdún 2017, ọ̀sán gangan ni, ẹnìkan ń ya fídíò lọ, àwọn èèyàn ń wò. Ohun tí ẹ̀gàn ń ṣe nìyẹn: ó ń sọ ẹni tó yẹ kó figbe ta di òǹwòran.

Aṣọ́nà_Luz:

Èmi á sọ ti ojú títì.

Ohun àkọ́kọ́: ìdúnàádúrà parí níta ọkọ̀. Iye owó, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ibi tí wọ́n ń lọ, gbogbo rẹ̀ kó parí kí ìdí tó kan àga. Ibi tí obìnrin náà mọ̀ ni kó mú oníbàárà lọ, ìyẹn òtẹ́ẹ̀lì tí ẹni tó wà ní gbàgede mọ ojú rẹ̀. Kó yẹ àga ẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Kó fi ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn láti inú lẹ́ẹ̀kan kó tó pa á dé. Àwọn kan máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ààbò ọmọdé, èyí tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí láti inú, há ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn tí ọkọ̀ bá ti gbéra ni èèyàn ń mọ̀. Kò gbọdọ̀ sí gèlè tàbí ẹ̀gbà lọ́rùn, torí ohun tí wọ́n ń dì mú nìyẹn. Ọtí tí kò ṣí fúnra rẹ̀, kó má mu ún. *Boa noite, Cinderela* ni wọ́n ń pe oògùn oorun tí wọ́n ń dà sí i níbí, ó sì wọ́pọ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Kí méjì máa ṣọ́ ara wọn: ẹni tó kù ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, kó sì ṣe é lójú oníbàárà, torí ẹni tó bá ní ibi lọ́kàn máa ń yí padà tó bá rí i pé wọ́n ti ya òun. WhatsApp lè fi ibi tí èèyàn wà ránṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, wákàtí kan tàbí wákàtí mẹ́jọ. Wákàtí kan ni kó yàn fún oníbàárà kan. Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: dátà tán, tàbí bátìrì kú, tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ọ náà rí oníbàárà tirẹ̀. Kí ẹnì kẹta tí kò jáde sí títì wà nílé tó ń gba ìsọfúnni náà, kí wọ́n sì ti jọ sọ wákàtí tó máa pè, àti ọ̀rọ̀ kan tó máa túmọ̀ sí "wá gbé mi" tí oníbàárà ò ní fura sí. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń wá iṣẹ́ tó wúlò ju oúnjẹ lọ, ẹ fún wọn ní ẹnì kẹta yẹn, àti ibi tí wọ́n á ti máa gba iná sí fóònù.

Owó: Pix, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ní Brazil, ti gba ipò owó bébà, ewu tirẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń sanwó máa rí orúkọ tó wà ní báńkì. Bí nọ́ńbà fóònù tàbí CPF (nọ́ńbà owó-orí) bá tún jẹ́ kọ́kọ́rọ́ Pix rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dá àkáǹtì mọ̀, ó ti fún àjèjì ní ọ̀nà láti máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. *Chave aleatória* ni kó ṣe, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí báńkì fúnra rẹ̀ ń dá. Fọ́tò *comprovante*, ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti sanwó, kì í ṣe owó, wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ lọ súà. Inú àkáǹtì tirẹ̀ ni kó ti wò ó. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, R$1,000 ni òté tí báńkì àpapọ̀ ní kí wọ́n fi sí owó tó lè jáde. Kó lọ dín in kù sí iye owó ọkọ̀ ilé nìkan. Dídín in kù ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, fífi kún un ń gba ó kéré tán wákàtí 24, nítorí náà ẹni tó bá fi ìbọn tì í kò lè rí i fipá gbé sókè lóru yẹn.

Ẹ̀yin aláàánú náà, ẹ gbọ́: ẹ má dúró tì í tí ọkọ̀ bá ń rọra bọ̀, owó oúnjẹ rẹ̀ lẹ ń dá dúró. Ẹ má ya fọ́tò. Ẹ má wọ aṣọ aláwọ̀ eérú tàbí ẹ̀wù tó jọ ti ọlọ́pàá. Tí ọmọ Nàìjíríà tuntun bá dé, ẹ má ní kó lọ dúró níbi tó wù ú. Ibi ìdúró ní oní, àwọn kan ń san owó fún *cafetina*, obìnrin tó ń ṣàkóso wọn, lórí rẹ̀, ẹni tó bá já wọ ibẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni lè jẹ lílù. Ẹ mú un lọ bá àgbà tó wà níbẹ̀ kó kí i.

Bàbá_Kékeré_Osasco:

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò sì bú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè mi ni pé ṣé kò sàn kí ẹ kó owó yín sórí bí wọ́n ṣe máa kúrò nínú iṣẹ́ náà, dípò bí wọ́n ṣe máa ṣe é dáadáa?

Aṣọ́nà_Luz:

Bàbá, ẹni tó máa kúrò lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè títí dìgbà yẹn. Ọ̀nà àbájáde wà fún ẹni tó bá fẹ́: ìjọba ìlú São Paulo dá Transcidadania sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n ń san owó oṣooṣù fún wọn kí wọ́n lè padà sílé ìwé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: owó ni wọ́n fi ṣáájú, torí ẹni tó ń wá owó ilé lálẹ́ kò lè jókòó sí kíláàsì. Casa Florescer náà wà, ilé ìbùsùn tí ìlú ṣí fún wọn lọ́dún 2016. Àyè ò tó gbogbo wọn. Ìwàásù láìsí ibùsùn, wọ́n ti gbọ́ ọ tó.

Amòfin_Ayọ̀:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin, kí n má fi nǹkan kan pa mọ́.

Títa ara ẹni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin Brazil bí àgbàlagbà bá fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Láti 2002 ló ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ìjọba, CBO, nọ́ńbà 5198-05. Àwọn tí òfin ìwà ọ̀daràn ń bá wí, ní abala 228 títí dé 230, ni ẹni tó ń fa èèyàn sínú rẹ̀, ẹni tó ń ṣí ilé fún fífi èèyàn jẹun, àti ẹni tó ń jẹ nínú owó ẹlòmíràn. Ọlọ́pàá kò lè mú un torí pé ó dúró. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: lọ́dún 1987 ní ìlú yìí kan náà, wọ́n dá Operação Tarântula sílẹ̀, wọ́n ń kó àwọn travesti pé wọ́n ń tan àrùn kògbóògùn kálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà inú wọn kì í fi í lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá bó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn tó. Ẹ má pe ìyẹn ní agídí.

Tí ọlọ́pàá bá dá a dúró, kó fi ìwé hàn, kó má jiyàn, torí *desacato*, ẹ̀sùn àfojúdi sí òṣìṣẹ́ ìjọba, ni wọ́n máa ń kọ mọ́ ẹni tó bá jiyàn lọ́rùn. Kó wo nọ́ńbà ara ọkọ̀ ọlọ́pàá àti orúkọ àyà aṣọ, kó há a sórí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀, ní Ouvidoria ti ọlọ́pàá, ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn lórí wọn.

Tí wọ́n bá lù ú: 190, ti ọlọ́pàá, bó bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, 192 fún ọkọ̀ aláìsàn. Lẹ́yìn náà *boletim de ocorrência*, ìwé ẹ̀sùn tí ọlọ́pàá ń kọ. Kí ẹ̀yin bá a lọ, kí ẹni méjì ó kéré tán bá a wọlé. Ẹni tó dá lọ ni wọ́n ń ní kó padà wá lọ́la. Kó ní kí wọ́n kọ orúkọ tó ń jẹ́ sí àyè *nome social*, àyè orúkọ tí wọ́n ń fi pè é. Kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní tààràtà pé torí pé òun jẹ́ trans ni wọ́n ṣe lu òun, àti ọ̀rọ̀ gan-an tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ń lù ú. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń sọ ìjà lásán di *transfobia*, tí ilé ẹjọ́ àgbà, STF, fi sábẹ́ òfin ìlòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, òfin 7.716, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 2019. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ó ṣòro láti fi í kún un níwájú. Kó béèrè ìwé tó máa gbé lọ sí IML, ibùdó dókítà ìjọba, fún àyẹ̀wò ojú ọgbẹ́, kó sì lọ lọ́jọ́ náà, torí ojú ọgbẹ́ ń parẹ́. Kó má fọ aṣọ tó wọ̀. Ní São Paulo, àgọ́ kan wà fún irú ẹjọ́ yìí, Decradi. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ sì wà ní Defensoria Pública, níbi tí wọ́n ń pè ní NUDDIR.

Bó bá jẹ́ pé olólùfẹ́ tó ń bá a gbé ló lù ú, òfin Maria da Penha kàn án. Ilé ẹjọ́ STJ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin 2022. Adájọ́ lè lé ọkùnrin náà kúrò nílé.

Orúkọ: láti ìdájọ́ STF ti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2018, kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí ìwé dókítà, kò sí adájọ́. Ẹni tó ti pé ọdún 18 á lọ sí *cartório*, ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìbí, èyíkéyìí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀, á sọ orúkọ àti irú ènìyàn tí òun jẹ́. Kó mú ìwé ìbí tuntun dání, RG (káàdì ìdánimọ̀), CPF, káàdì ìdìbò, ẹ̀rí ilé, àti ìwé ilé ẹjọ́ fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn: ti gbèsè, ti ìwà ọ̀daràn, ti òṣìṣẹ́, ti ìdìbò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé gbèsè tàbí ẹjọ́ àtijọ́ á jáde. Kò dí wọn lọ́wọ́: cartório kàn máa fi tó ilé ẹjọ́ létí pé orúkọ ti yí padà ni. Owó ìwé tí wọ́n ń gbà ní ibi *protesto*, níbi tí wọ́n ń kọ gbèsè tí èèyàn kò san sí, ló ń wọ́n lójú wọn. Defensoria máa ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kí RG, CPF, báńkì àti káàdì SUS (ètò ìlera ọ̀fẹ́ ti ìjọba) tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìwé ìbí, torí bí báńkì bá kù sẹ́yìn, Pix á ṣì máa tú àṣírí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀dàn:

Ẹ kú àlàyé, Amòfin. Ti ìlera ló kù.

Tí kọ́ńdọ̀ọ̀mù bá ya: kí wọ́n dá a dúró, kó fi omi àti ọṣẹ fọ ìta, kó má fi omi fọ inú, torí ìyẹn ń bó ara inú, ó ń ṣínà fún kòkòrò. Lẹ́yìn ìyẹn, PEP, oògùn tó ń dènà HIV lẹ́yìn tí ewu bá ti ṣẹlẹ̀. Wákàtí 72 ni òté, àmọ́ bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ ló dáa jù. Oògùn ọjọ́ 28 ni, kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan. Ọ̀fẹ́ ni ní SUS, àní fún àjèjì tí kò ní ìwé. Ibi tó sún mọ́ yín jù wà nínú ibùdó ọkọ̀ ojú irin República, Estação Prevenção Jorge Beloqui, irọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń ṣí, ní àkókò tí wọ́n ń jáde síṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá a lòpọ̀, òfin 12.845 ti ọdún 2013 sọ pé kí ilé ìwòsàn SUS tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ìwé ọlọ́pàá dí i lọ́wọ́. Ẹ há nọ́ńbà òfin yẹn sórí, ẹ kà á fún ẹni tó bá ní kó lọ mú *boletim* wá kọ́kọ́.

Ìdí tó fi ń ya: òróró, Vaseline, ìpara ara. Gbogbo wọn ń jẹ rọ́bà. Ohun ìyọ̀ tí wọ́n fi omi ṣe, tó wà nínú páálí kékeré tí SUS ń pín, ni kí wọ́n lò. Wíwọ méjì léra wọn náà kò dáa, wọ́n ń ha ara wọn títí wọ́n á fi ya.

PrEP, oògùn tó ń dènà HIV kí ewu tó ṣẹlẹ̀: oògùn méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀kan lójoojúmọ́. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ìmọ̀ràn tí àwọn ọkùnrin ń fún ara wọn, pé kéèyàn lò ó kìkì nígbà tó bá fẹ́ bá èèyàn sùn, kò sí fún ẹni tó ń lo estradiol, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin. Ojoojúmọ́ ni tirẹ̀, kó sì ka ọjọ́ méje kó tó gbára lé e.

Abẹ́rẹ́ Perlutan: oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ń gún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé kí ọyàn tètè jáde. Ọyàn kì í torí ìyẹn yára, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ń dì, pàápàá fún ẹni tó ń mu sìgá. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí èkejì kò wú, tó gbóná, tó ń dunni, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá wá ń dùn ún tí èémí ń já, 192. Ilé ìtọ́jú tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà ní àdúgbò Santa Cruz ní São Paulo níbí, ó ti ṣí láti 2009, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Brazil.

Silikoni: àwọn *bombadeira*, àwọn tí kì í ṣe dókítà, ń fi abẹ́rẹ́ ńlá gún silikoni ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ àti mọ́tò, sí ìbàdí àti itan, lítà lítà nígbà mìíràn. Tó bá wọ iṣan, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ikú rẹ̀ kì í pẹ́. Èyí tí kò pa èèyàn lè ṣí lọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀: ti ìdí á sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀, awọ á le, á pọ́n, á di egbò. Kò ṣeé fà jáde tán, nítorí náà ẹni tí ti rẹ̀ kò bá yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi ẹ̀rù pa á. Ẹ kàn sọ fún un pé kó máa wí fún dókítà kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí.

Adéọlá_Arouche:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ọ̀kan ló kù. Nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà yẹn, ẹnìkan wà tí ẹni tó mú un wá gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó san owó ọkọ̀ òfuurufú kó tó gbà á padà. Kò ní ìwé kankan ní Brazil, ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá dé ọ̀dọ̀ Polícia Federal, ọlọ́pàá àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn àjèjì, wọ́n á dá òun padà sílé.

Amòfin_Ayọ̀:

Ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀, èyí ni kẹ́ ẹ mú kọ́kọ́.

Ìwé tí wọ́n gbà àti gbèsè tí wọ́n fi mú un mọ́lẹ̀, òfin 13.344 ti 2016 ń pè é ní òwò ènìyàn. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó mú un wá ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má lọ bá ẹni náà jà, ẹ má sì fi owó ra ìwé náà padà. Á tún fi owó mìíràn lé e. Disque 100, nọ́ńbà fóònù ìjọba fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ń gba ẹ̀sùn láìbéèrè orúkọ.

Ní ti ìdápadà: kó béèrè ààbò gẹ́gẹ́ bí asásálà, òfin 9.474 ti 1997. Òfin yìí kan náà ló ní kí wọ́n má fi bó ṣe wọlé jẹ ẹ́ níyà, kí wọ́n má sì dá a padà síbi tí ewu wà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa kọ ọ́, níbi tí wọ́n ń pè ní Sisconare, lẹ́yìn náà yóò lọ sọ́dọ̀ Polícia Federal. Kò sanwó kankan. Ìwé ẹ̀rí ìbéèrè yẹn ló máa fi gba CPF àti ìwé iṣẹ́. Láti oṣù karùn-ún 2023, Conare, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń pinnu ọ̀rọ̀ asásálà, ti ya ọ̀nà kúkúrú sọ́tọ̀ fún irú wọn tó bá wá láti orílẹ̀-èdè tó ń fi wọ́n sẹ́wọ̀n tàbí pa wọ́n. Òfin 2014 ti Nàìjíríà, tó ń sọ ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, wà lára ohun tí agbẹjọ́rò máa tọ́ka sí.

Kó tó kọ ohunkóhun sínú Sisconare, ẹ mú un lọ sí Caritas ti São Paulo, ẹgbẹ́ ìjọ Kátólíìkì tó ń ran asásálà lọ́wọ́, tàbí Defensoria Pública da União, agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ohun tó bá kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa bi í léèrè nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bí ẹnu kò bá kò, wọ́n á ní irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ń kọ "mo wá ṣiṣẹ́" torí ìtìjú, ìyẹn sì ń ba ẹjọ́ jẹ́. Kó kọ ohun tó lé e kúrò nílé gan-an. Bó bá ń tijú ọmọ Yorùbá tó máa ṣe ògbufọ̀ fún un, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ò fẹ́ ẹni yẹn, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ẹ bi í lórí èyí lẹ́ni kan ṣoṣo, kì í ṣe níwájú ẹgbẹ́.